Ṣé Kí N Lọ Fi Lésà Tún Ojú Mi Ṣe?

Ìyá ọmọ kan ní Èjìgbò, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ oṣù márùn-ún, bi mí ní ìbéèrè kan tí ó kan ọ̀pọ̀ nínú yín. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ti ń lo awò ojú, nítorí kò rí ohun tí ó wà lókèèrè dáadáa. Ọkọ rẹ̀, tí ń ṣòwò ní Àbíján bí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò, ti fi owó ránṣẹ́ pé kí ó lọ sí Èkó, kí wọ́n fi lésà tún ojú náà ṣe. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ní, "Àǹtí, ṣé kí n lọ?"

Èsì mi ni pé: Má tíì lọ, arábìnrin mi.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà burú. Ní ọdún 1995 ni àjọ tí ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí irú rẹ̀ fún ojú tí kò ríran jìnnà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti jàǹfààní rẹ̀. Dókítà a máa fi ìmọ́lẹ̀ lésà gbẹ́ awọ tí ó mọ́ gaara ní iwájú ẹyinjú, títí yóò fi bá ìwọ̀n tí ojú ń fẹ́ mu. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti gbẹ́ kúrò kì í padà. Nítorí náà ìwọ̀n gbọ́dọ̀ pé.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ abiyamọ ti yàtọ̀. Bí obìnrin bá lóyún, tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, ojú rẹ̀ lè gbẹ, ìríran rẹ̀ sì lè yí padà fún ìgbà díẹ̀. Ó dàbí ìgbà tí télọ̀ bá wọn aláboyún fún aṣọ tí yóò wọ̀ lẹ́yìn ìkómọ.

Ẹ tún ro ti ilé. Lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ra ojú. Tìróò, eruku, ata àti èéfín igi kò gbọdọ̀ kàn án títí di ọjọ́ tí dókítà bá dá. Ọmọ oṣù márùn-ún ńkọ́, tí kì í ṣàì na ọwọ́ gbá ìyá rẹ̀ lójú?

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó fi owó náà pamọ́ sí báńkì. Bí ó bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí ó dúró bí oṣù mẹ́ta, kí ó tó lọ rí dókítà ojú ní Òṣogbo tàbí ní UCH Ìbàdàn. Kí ó mú ìwé awò ojú rẹ̀ àtijọ́ lọ́wọ́, kí ó sì béèrè pé: Ṣé ìwọ̀n ojú mi ti dúró sójú kan láti ọdún kan? Ṣé awọ ẹyinjú mi nípọn tó? Ṣé omi ojú mi tó? Ta ni yóò máa yẹ̀ mí wò bí mo bá padà sílé? Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé lésà kì í dá ọjọ́ orí dúró: bí a bá ti lé ní ogójì ọdún, a óò tún wá awò ìkàwé.

Kí ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò kọ ẹ̀bùn rẹ̀; àkókò ni kò tíì tó. Èmi pẹ̀lú ń lo awò ojú, òun ni mo fi kọ èyí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.