Omi Híhó àti Ara Ìyá Ọmọ

Nígbà tí a bá gbọ́ igbe ìkókó, ayọ̀ a gba ilé kan, olúkúlùkù a sì máa béèrè bóyá akọ ni tàbí abo. Ẹni tí ó bí ọmọ náà wà lórí ẹní, kò lè jókòó dáradára. Bí a bá bi í pé, "Ṣé àlàáfíà ni?" yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́," nítorí ojú ń tì í láti sọ ibi tí ó ń dùn ún.

Ibi náà ni ẹran ara tí ó wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí. Ó nà púpọ̀ nígbà tí orí ọmọ ń jáde bọ̀. Nígbà mìíràn ó ya, a sì rán an. Bí kò tilẹ̀ ya, ó lè wú, kí ó sì máa dun ìyá fún ọjọ́ púpọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe ni láti gbé omi ka iná. A ó mú kí ìyá ọmọ jókòó lé omi gbígbóná gan-an, àwọn mìíràn a sì bu oògùn apakòkòrò sí i títí yóò fi máa ta á lára. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni ó mú àwọn ìyá wa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó àkókò kí a fi í sílẹ̀. Ara tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, tí ó sì wú, kò lè fara da irú ooru bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ti tọ́jú obìnrin tí omi ìjókòó yìí bó lára, tí ọgbẹ́ kékeré fi di ọgbẹ́ ńlá. Bí ewúrẹ́ bá bímọ lẹ́yìnkùlé, ta ni í gbé omi híhó tọ̀ ọ́ lọ?

Iná ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí a fi se omi náà, kí a bò ó, kí a sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi tutù nínú àmù tí ó mọ́. Omi tútù yìí ni kí a fi rẹ aṣọ tí a ti fọ̀ tí a sì ti sá sóòrùn, kí ìyá ọmọ gbé e sí ibi tí ó wú fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú 10 sí 20, ní ìgbà mélòó kan ní ọjọ́ kìíní àti ìkejì. Ẹni tí ó bá rí omi dídì rà, kí ó fi aṣọ wé e, kí ó má gbé e lé ara lásán. Ìtutù yìí wà nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2022, paracetamol sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Hóró 2 ti miligíráàmù 500 ni àgbà lè lò lẹ́ẹ̀kan. Kí wákàtí 6 kọjá kí ó tó lo òmíràn, kí ó má sì ju hóró 8 lọ láàárín ọ̀sán àti òru kan. Kò dí ìyá lọ́wọ́ láti fún ọmọ lọ́mú.

Lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, bí ara ìyá bá ń fẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kò burú. Kí ẹni tí ó gbé e wá kọ́kọ́ ti ìgbọ̀nwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ tún wà, èyí tí a kì í fẹ́ sọ. Ìyá tí ẹ̀rù ìrora ń bà a máa dá ìgbẹ́ dúró, ìgbẹ́ a sì le, ìrora a di méjì. Ẹ fún un ní ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ, àti omi mímu púpọ̀.

Ìyókù di ọwọ́ baálé. Àwọn ọkùnrin kan a máa wí pé ìrora ni ìpín obìnrin. Ẹni tí ó bá wí bẹ́ẹ̀, kí ó fi ọgbẹ́ ìdí ru igi ìdáná láti oko wá sílé ná. Kí ọkọ pọn omi, kí ó ṣẹ́ igi, kí ó má sì béèrè aya rẹ̀ lórí ẹní títí ara rẹ̀ yóò fi jiná.

Ṣùgbọ́n bí ìrora bá ń pọ̀ sí i, bí ibà bá dé, bí ojú ọgbẹ́ bá ń rùn tàbí tí ó ń ṣe ọyún, bí okùn rírán bá tú, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tàbí bí ìyá kò bá lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró, kí a má ṣe dúró de ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.