Kí Nọ́ńbà Ní Iṣẹ́ Nínú Ilé

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, ìjìyà ni ìṣirò jọ lójú ọmọ kékeré. Yóò ti ilé ẹ̀kọ́ dé, olùkọ́ lẹ́sìnnì yóò jókòó tì í, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ àtẹ ìsọdipúpọ̀ tí àwọn ọmọ ń kà bí orin, bí ahọ́n rẹ̀ bá sì ṣì, pàṣán kò jìnnà. Àwọn òbí tí àṣà yìí kò tẹ́ lọ́rùn a máa wá àtúnṣe sí i nípa fífi súìtì tàbí àwòrán aláràbarà kún un, ṣùgbọ́n irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò dé ìdí ọ̀rọ̀, nítorí pé súìtì ni ọmọ ń jẹ̀gbádùn níbẹ̀, kì í ṣe ìṣirò. Ohun tí ó ń mú ìṣirò dùn mọ́ ọmọ kékeré ni kí nọ́ńbà ní iṣẹ́ kan pàtó tí ó ń ṣe lójú rẹ̀, kí ìdáhùn tí ó bá rí sì wúlò fún ẹnìkan nínú ilé.

Ó yẹ láti kọ́kọ́ ya kíkà sọ́tọ̀ kúrò lára àkọ́sórí. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè pe oókan dé ogún láìkọsẹ̀, kí ó má sì mọ iye ọsàn tí ó wà nínú abọ́. Bí wọ́n bá ní kí ó ka ọsàn márùn-ún, ìka rẹ̀ lè fo ọ̀kan, kí ó fọwọ́ kan òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹnu rẹ̀ sì ti pe eéje kí ọwọ́ tó dé ìdí abọ́. Bí wọ́n bá wá bi í pé mélòó ni gbogbo rẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1978, tọ́ka sí àwọn ìlànà tí kíkà dúró lé: ohun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba orúkọ nọ́ńbà kan ṣoṣo, àwọn orúkọ náà gbọ́dọ̀ tò tẹ̀ léra bákan náà ní gbogbo ìgbà, èyí tí wọ́n sì fi parí ni iye gbogbo ohun tí wọ́n kà. Ìlànà tí wọ́n mẹ́nu bà gbẹ̀yìn yìí kò tètè yé ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ó ti lè kọ orin nọ́ńbà tó tí yóò ti inú orin mọ̀ ọ́n.

Ilé ìdáná ni ó ti lè mọ̀ ọ́n. Bí ìyá bá ní kí ọmọ kó abọ́ wá kí ó lè kárí gbogbo ará ilé, tí ọmọ sì kó mẹ́rin wá fún ẹni márùn-ún, ẹni tí kò rí abọ́ gbà ni yóò jẹ́ kí ọmọ mọ̀ pé iye rẹ̀ kò pé, láìsí pé ẹnikẹ́ni jágbe mọ́ ọn. Bákan náà ni bí wọ́n bá ní kí ó kọ́kọ́ méfò iye dẹ́ríkà ẹ̀wà tí yóò kún ike kan, kí ó tó wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí òbí ti mọ ìdáhùn rẹ̀, irú bí "eéjì àti ẹẹ́ta jẹ́ mélòó", kì í pẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ pé ìdánwò ni.

Síbẹ̀, kò sí ohun èlò inú ilé tí ó yẹ kí ó ṣíwájú ọpọ́n ayò. Ihò 12 ni ọpọ́n ní, mẹ́fà fún òṣèré kọ̀ọ̀kan, ọmọ ayò mẹ́rin ni wọ́n ń kó sí ihò kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ 48 lápapọ̀. Òṣèré yóò kó ọmọ inú ihò rẹ̀ kan, yóò máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tí ó tẹ̀ lé e, bí èyí tí ó kẹ́yìn bá sì bọ́ sí ihò alátakò tí ó sọ ohun inú rẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n nìyẹn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ ni ọmọ yóò fi mọ ibi tí ọmọ ayò mẹ́fà ń parí sí. Bí ó bá yá, ojú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rìn yí ọpọ́n ká: mẹ́fà yìí yóò parí sí ihò ọ̀hún, ọ̀kan ti wà níbẹ̀, yóò di méjì. Àròpọ̀ ni èyí, ìsọtẹ́lẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò mú bébà jáde. Bí ọmọ bá sì ń fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti borí, dandan ni kí ó mọ ìdajì 48, kí ó sì lé ọ̀kan lé e. Fún ọmọ tí ó kéré gan-an, ọmọ ayò méjì-méjì nínú ihò ti tó. Ihò inú ilẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ sì lè rọ́pò ọpọ́n àti ọmọ ayò. Yẹ̀yẹ́ tí ọ̀ta, ìyẹn ẹni tí ó mọ ayò ta, máa ń fi ọ̀pẹ, ìyẹn ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta, ṣe dùn láàárín àgbà, ṣùgbọ́n ó lè lé ọmọ ọdún mẹ́fà kúrò nídìí ọpọ́n pátápátá.

Ìwádìí tí Geetha Ramani àti Robert Siegler gbé jáde ní 2008 ní Amẹ́ríkà ti èrò pé irú eré báyìí ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò lẹ́yìn. Wọ́n fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi láti ilé tí kò rí já jẹ ní eré kan tí àpótí inú rẹ̀ tò láti 1 dé 10, wọ́n sì ní kí ọmọ máa pe nọ́ńbà bí ó ti ń sún. Àwọn ọmọ mìíràn ta irú eré náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ ni ó wà lójú àpótí tiwọn. Ìjókòó mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré ni, àwọn tí wọ́n fi nọ́ńbà ta á sì tẹ̀ síwájú nínú kíkà àti nínú mímọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú nọ́ńbà méjì, nígbà tí ti àwọn tí wọ́n fi àwọ̀ ta á kò rí bẹ́ẹ̀. Lúdò tí ó wà káàkiri ilé lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí àgbà bá gbà kí ọmọ ro ojú dáìsì méjì pọ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé bí ọmọ bá ń fi Yorùbá ṣírò nílé, yóò rẹ̀yìn ní ilé ẹ̀kọ́. Ètò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ìṣirò sì wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ìbẹ̀rù náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èyí kò wá ní kí wọ́n di ẹẹ́rìndínlógún ru ọmọ ọdún mẹ́ta. Oókan dé ẹẹ́wàá ti tó o, títí yóò fi dàgbà tó láti to òkúta ogún sílẹ̀, kí ó mú mẹ́rin kúrò, kí ó sì rí ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Gbogbo èyí kò ní kí wọ́n pa àkọ́sórí tì. Ó ní àsìkò tirẹ̀, lẹ́yìn tí ọmọ bá ti pín nǹkan ní mẹ́ta-mẹ́ta àti mẹ́rin-mẹ́rin títí tí àtẹ ìsọdipúpọ̀ kò fi jẹ́ àjèjì sí i mọ́.

Ohun tí ó ṣòro jù fún òbí ni láti fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀nà tí ọmọ gbà ṣírò. Ní ìlú Recife ní Bràsíl, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann lọ bá àwọn ọmọ tí ń tajà lójú pópó, wọ́n sì gbé àbọ̀ ìwádìí wọn jáde ní 1985. Ọmọ ọdún 12 kan ń ta ẹyọ àgbọn kan ní 35 nínú owó ilẹ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n béèrè owó mẹ́wàá, kò fi òdo kún 35 bí ilé ẹ̀kọ́ ti ń kọ́ni. Ó mọ̀ pé mẹ́ta jẹ́ 105, ó fi mẹ́ta mìíràn lé e, ó di 210, ó tún fi mẹ́ta lé e, ó di 315, ó wá fi ẹyọ kan tí ó kù parí rẹ̀ sí 350. Nídìí ọjà, nǹkan bí 98 nínú 100 ìdáhùn àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ó tọ̀nà. Nígbà tí wọ́n kọ irú ìṣirò kan náà sórí bébà láìsí ọjà nínú rẹ̀, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 37. Kò sí ẹni tí yóò tìtorí èyí rán ọmọ lọ kiri ọjà. Ṣùgbọ́n òbí tí ó bá gbọ́ irú ìṣirò ọlọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ, tí ó sì gé e kúrú láti kọ́ ọ ní ọ̀nà àbùjá, ti gba iṣẹ́ tí ọmọ náà ń gbádùn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?" ni ìbéèrè tí ó yẹ, yálà ìdáhùn tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà, nítorí pé ọmọ tí ń ṣàlàyé ọ̀nà tí ó gbà sábà máa ń kan àṣìṣe rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí àlàyé náà tó parí.