Owó Gọ́tà, Owó Omíyalé

Lọ́jọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò kan rọ̀ ní Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, 187.5 mílímítà ni. Bí ìdá kan nínú ìdá méje òjò tí ìlú náà máa ń rí lọ́dún kan gbáko ló dà sílẹ̀ láàrin wákàtí díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, afárá Apẹ́tẹ̀ ti bá omi lọ, ẹni tó lé ní ọgọ́rùn-ún ti kú, ọjà àti ẹrù tí àwọn èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ sì ti di ẹrẹ̀. Àwọn àgbà ìlú kò wá orúkọ tuntun fún un. Omíyalé ni wọ́n pe ti 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò Ògùnpa gbé ilé gbé èèyàn lọ. Omíyalé náà ni wọ́n pe eléyìí.

Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti àwọn ààrẹ orílẹ̀-èdè ni. Ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ owó ni. Ta ló ń san án? Nígbà wo? Láti inú àpò ta ni?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí $200 mílíọ̀nù fún iṣẹ́ dídènà omíyalé ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ jáde nínú owó náà. Wọ́n tún dáàmù Eléyẹlé ṣe, wọ́n kọ́ afárá, wọ́n sì ṣe ètò ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún omíyalé, fún ojú àgbàrá àti fún pàǹtírí ìlú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yáwó ni, ẹ̀yáwó sì ní ọjọ́ ìsanpadà. Láàrin ọdún 2014, dọ́là kan wà ní nǹkan bíi ₦160, tí $200 mílíọ̀nù fi jẹ́ bíi ₦32 bílíọ̀nù. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2024, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500, iye kan náà sì ti kọjá ₦300 bílíọ̀nù. Àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí afárá Apẹ́tẹ̀ wó yóò wà lára àwọn tí yóò san án.

Kì í ṣe pé kò yẹ kí wọ́n yá owó náà. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò ní kí wọ́n má yá a? Ohun tó ń dunni ni pé púpọ̀ nínú ohun tó sọ òjò di àjálù jẹ́ ohun tí owó kékeré ìbá ti yanjú lọ́dọọdún. Ọ̀rá, ike àti pàǹtírí dí ojú gọ́tà. Àwọn èèyàn kọ́lé sí bèbè odò, àwọn mìíràn sì ń dúró de òjò kí wọ́n tó gbé ìdọ̀tí ilé wọn lé àgbàrá lórí. Òjò fúnra rẹ̀ sì ń lágbára sí i: bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì kan gbóná sí i, omi tó lè gbé dání máa ń fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ fún òjò ayé àwọn bàbá wa ni òjò òde òní ń gbà kọjá, ìdajì rẹ̀ sì ti dí.

Àwọn Yorùbá ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Bó bá jẹ́ ti ìlú, ta ni onílé?

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dá a lóhùn. Nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, ó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: kíkọ́ àti títọ́jú ojú pópó àti gọ́tà wà níbẹ̀, kíkó pàǹtírí náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà, ní abala 162, ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa gba inú àpò àjùmọ̀ní tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń mójú tó. Ibẹ̀ ni owó gọ́tà ti máa ń rá. Wọn yóò yọ owó oṣù àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọn yóò yọ owó ìfẹ̀yìntì, wọn yóò yọ èyí tí ìpínlẹ̀ bá ní kí wọ́n yọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù fún alága káńsù lè máà ra ju ṣọ́bìrì àti bárò lọ.

Ní 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dájọ́ pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn yọ̀. Ìmúṣẹ rẹ̀ ni kò yá bí ìdájọ́ náà ṣe yá. Síbẹ̀, ìdájọ́ yìí yí ìbéèrè náà padà: bí owó bá wọlé tààrà, alága tí gọ́tà rẹ̀ dí kò ní rí gómìnà kankan fi ṣe àwáwí mọ́.

Àwáwí pé wọn kò mọ̀ kò sì sí. Lọ́dọọdún, kí omi tó kún, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ odò máa ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omíyalé lè ṣe lọ́ṣẹ́. Lọ́dún 2022, wọ́n dárúkọ 233, ní ìpínlẹ̀ 32 àti Àbújá. Omi náà dé. Èèyàn tó lé ní 600 kú, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti irinwó ẹgbẹ̀rún sá kúrò nílé, Báńkì Àgbáyé sì ṣírò pé ohun tó bàjẹ́ tààrà tó nǹkan bíi $6.7 bílíọ̀nù. Ó ṣòro láti rí káńsù tó lè fi ojú ewé kan hàn nínú ètò ìnáwó rẹ̀ pé ìkìlọ̀ yẹn ló mú òun ya owó báyìí sọ́tọ̀.

Ní Durban, lórílẹ̀-èdè South Africa, ìjọba ìlú náà ṣàkíyèsí pé pàǹtírí àti igi àjèjì ló ń dí abẹ́ afárá, tí omi fi ń hú ọ̀dà àti ojú títì lọ. Wọ́n wá dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Sihlanzimvelo. Wọ́n ń sanwó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ará àdúgbò láti máa tọ́jú nǹkan bíi 300 kìlómítà odò kéékèèké. Owó tí wọn ìbá fi tún títì ṣe ló di owó oṣù aládùúgbò. Ètò náà kò dá gbogbo òjò dúró: ní oṣù kẹrin ọdún 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní irinwó ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n ìlú náà ti mọ iye tí gọ́tà rẹ̀ ń ná an, ó sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò.

Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló pín Ìbàdàn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Odò Ògùnpa kò mọ ààlà wọn. Bí káńsù ti òkè odò bá gbálẹ̀, ti ìsàlẹ̀ odò ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Bí ti òkè bá jókòó, asán ni gbígbá tí ti ìsàlẹ̀ ń gbá. Nítorí náà, owó àjọdá ló yẹ ọ̀rọ̀ yìí: kí káńsù mọ́kọ̀ọ̀kànlá máa dá ìwọ̀nba lóṣooṣù, kí wọ́n sì fi gba àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò síṣẹ́ ní ẹ̀bá odò kọ̀ọ̀kan.

Òjò àkọ́rọ̀ sábà máa ń dé ní oṣù kẹta. Kí oṣù kejì tó parí, kí káńsù kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri sẹkitéríàtì rẹ̀: iye tó wọlé, iye tó yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà, gọ́tà àdúgbò wo, ọjọ́ wo ni wọn yóò kó o. Ìyá tó ń tajà lẹ́bàá Ògùnpa yóò wá lè bi kánsẹ́lọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin pé ti iwájú ṣọ́ọ̀bù òun ńkọ́, nígbà tó ṣì ku oṣù mẹ́rin kí oṣù kẹjọ tó dé.