Ta Ló Ń Ka Ọjọ́ Ẹni Tó Wà Látìmọ́lé?

Nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta àwọn tó wà nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń retí. Òfin kò sì gbàgbé wọn: abala 296 nínú òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 sọ pé bí ilé-ẹjọ́ bá ní kí wọ́n ṣì fi afurasí pamọ́, ọjọ́ 14 ni kó kọ́kọ́ fún wọn. Òfin náà dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún afurasí, mélòó ló padà rí adájọ́ nígbà tí ọjọ́ 14 pé? Kí ló dá àwọn yòókù dúró? Ṣé ọkọ̀ ni kò sí ni, àbí fáìlì ló sọnù?

Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin máa fi ọdún mẹ́ta, mẹ́rin wá ìdáhùn sí nìyí. Dípò èyí, inú yàrá ìkàwé ni púpọ̀ nínú wọn ń parí iṣẹ́ sí: wọn a ka ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, wọn a fi òfin Nàìjíríà wé ti Ìlú Ọba, wọn a sì dábàá pé kí wọ́n tún òfin ṣe. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n pa á tì. Àmọ́ ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ní New York lọ́dún 1961, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin wọ àtìmọ́lé lọ bi àwọn afurasí léèrè: níbo lò ń gbé, ta ni ẹbí rẹ, iṣẹ́ wo lò ń ṣe? Wọ́n pín àwọn tó yẹ sí ọ̀nà méjì. Wọ́n jábọ̀ apá kan fún adájọ́, wọn kò sọ nǹkan kan nípa apá kejì. Àwọn tí adájọ́ fi sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ jaburata ló padà wá jẹ́ ẹjọ́. Nígbà tó di 1966, Amẹ́ríkà ṣe òfin béèlì tuntun. Ìṣirò ló ṣí ojú wọn, kì í ṣe àríyànjiyàn.

Àwọn àgbà kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ òfin a máa sọ pé iṣẹ́ onímọ̀ àwùjọ nìyẹn. Ṣé onímọ̀ àwùjọ ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣẹ àtìmọ́lé àti ẹ̀sùn tí ilé-ẹjọ́ náà kò lágbára láti gbọ́? Òtítọ́ tó wà ńbẹ̀ ni pé iṣẹ́ yìí ń náni lówó. Ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa tú láti kóòtù dé kóòtù, yóò sì kọ́ ìṣirò tí wọn kò kọ́ ọ nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin. Inú owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san fún ìjọba ni owó àjọ TETFund ti ń wá. Kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún èyí, kí yunifásítì sì jẹ́ kí ọ̀jọ̀gbọ́n òfin àti ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò jọ tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ́nà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí i yóò gba òkè òkun lọ, ibẹ̀ ni yóò ti máa kọ̀wé nípa kóòtù Nàìjíríà.

Abala 111 òfin 2015 kan náà ní kí ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n máa kó orúkọ àwọn tó ti lò ju 180 ọjọ́ lọ láìgba ìdájọ́ ránṣẹ́ sí àwọn adájọ́ àgbà ní gbogbo 90 ọjọ́. Kí àwọn adájọ́ àgbà ṣí àkọsílẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Bí àkọsílẹ̀ kò bá sì sí, kí ẹnì kan gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí ìdí tí kò fi sí.