Ẹ̀rọ lathe kékeré ní Sàngó-Ọ̀tà: òfin ò gba àtúnṣe ìbọn nínú yàrá

Láti abẹ́ afárá Sàngó títí dé ojú ọ̀nà Ìdírókò, ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ lathe í lò kì í sábà wáṣẹ́ tì. Ẹ̀rọ yìí ló ń yí irin bíríbírí, tí ọ̀bẹ rẹ̀ yóò sì máa fá irin náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bá ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ mu. Bí ṣáàfùtù bá kán nílé-iṣẹ́ kan l'Ọ́tà tàbí l'Ágbárá, tàbí tí búṣì bá jẹ, ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ lathe ni wọ́n máa ń gbé e lọ, nítorí pé kí wọ́n dúró de èyí tí yóò ti ilẹ̀ Jámánì tàbí Ṣáínà wá, ó lè dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Láyé ọjọ́un, ẹ̀rọ ńlá tó wúwo tó mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ ẹ ní láti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Àwọn kékeré ti wà báyìí tí ènìyàn méjì lè gbé sórí tábìlì nínú yàrá. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ń tún ìbọn ṣe nínú ilé wà lára àwọn tó ń rà á, íntánẹ́ẹ̀tì sì ti gbé àwòrán iṣẹ́ wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́ṣẹ́ irin níbí. Ibẹ̀ ni ìbéèrè kan ti ń jẹ yọ: ṣé ènìyàn ò lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, kó máa bá àwọn ọdẹ tún ìbọn ṣe?

Ìbéèrè ọ̀daràn kọ́ ni. Ọdẹ pọ̀ ní àwọn abúlé Adó-Odò títí dé ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè, ṣakabùlà sì ni ohun èlò iṣẹ́ wọn. Láti ìgbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbára lé àwọn ọdẹ fún ààbò ìlú. Ìbọn tí wọ́n ń lò yóò sì bàjẹ́ lọ́jọ́ kan.

Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ ní Amẹ́ríkà lè sọ ènìyàn dèrò ẹ̀wọ̀n ní Nàìjíríà. Lábẹ́ òfin àpapọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tí òfin ò bá kà léèwọ̀ láti ní ìbọn lè ṣe é fún ìlò ara rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ti fi òfin tiwọn dí i. Ẹni tó bá fẹ́ fi àtúnṣe ìbọn ṣòwò gbọ́dọ̀ gbàwé. Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ọdún 1959 tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀ ṣì ló ń ṣiṣẹ́. Òfin náà kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni rọ ìbọn, kó tò ó pọ̀, tàbí kó tún un ṣe láìgba àṣẹ; ilé ìkó-ìbọn-sí ìjọba àti ti àwọn ológun ló yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Àtúnṣe pàápàá wà níbẹ̀, èyí sì ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ kò mọ̀. Wọ́n rò pé ìbọn tuntun nìkan ni òfin ń bá jà. Yàtọ̀ sí èyí, òfin ìdigunjalè tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1984 sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìgbàwé yóò san 20,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Bí ọlọ́pàá bá wọlé tí wọ́n bá ìbọn oníbàárà lórí tábìlì, taa ni alágbẹ̀dẹ fẹ́ ṣàlàyé fún pé òun kọ́ ló ni ín?

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Nígbà ogun Kírìjì, láàárín ọdún 1877 sí 1893, ìbọn òyìnbó pọ̀ lójú ogun, iná alágbẹ̀dẹ ni wọ́n sì ń gbé èyí tó bá bàjẹ́ lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka ní ilẹ̀ Ìgbò gba orúkọ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ló sọ ìmọ̀ náà di ohun ìkọ̀kọ̀. Kò pa á run.

Ẹ̀rọ wo wá ni kí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ tó mọ́ l'Ọ́tà rà? Kékeré orí tábìlì tó wọ́pọ̀ jù láti Ṣáínà wọ̀n tó 40 kílógíráàmù. Irin tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju milimítà 180 lọ ló lè yí, gígùn rẹ̀ kò sì ju bíi 350 lọ. Ó dára fún idẹ, alumíníọ̀mù àti irin tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ṣáàfùtù ilé-iṣẹ́ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta dé, ńṣe ni olúwarẹ̀ yóò máa wò ó. Irin rẹ̀ fúyẹ́, nítorí náà ó máa ń gbọ̀n bí ọ̀bẹ bá ti wọnú irin líle. Owó rẹ̀ náà ò tún kéré mọ́: dọ́là tí kò tó 500 náírà kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti ju 1,500 lọ kí ọdún 2024 tó parí.

Tòkunbọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi Colchester tàbí Harrison, ló bá iṣẹ́ Ọ̀tà mu jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kéré tó ti orí tábìlì. Ẹni tó bá lọ wá a l'Ówòdé-Onírin ní Èkó, kó má fi ọ̀dà tuntun pinnu. Kó ti àga ọ̀bẹ sún mọ́ orí ẹ̀rọ, kó dè é títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rìn, kó sì tún ti í sí ìdí. Bó bá le ní ìdí ju ti orí lọ, ojú irin tó ń rìn lé ti jẹ lápá orí, kò sì ní í fá irin gún régé mọ́. Kó ka jíà rẹ̀ bóyá ó pé, nítorí pé ọ̀kan tó bá sọnù lè di wàhálà ọdún kan.

Wàhálà tòkunbọ̀ ni iná. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo iná three-phase, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé gbígbé ni kò ní in. Oníṣẹ́ yóò ní láti pààrọ̀ mọ́tò, tàbí kó ra ohun èlò tí ń sọ iná ilé di three-phase. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iná mọ̀nàmọ́ná sọ owó yúníìtì kan di 225 náírà fún àwọn tó wà ní Band A, láti bíi 68. Èyí yẹ kó wà nínú ìṣírò kí wọ́n tó sanwó ẹ̀rọ.

Apá tó kù wà lọ́wọ́ ìjọba. Nínú àdéhùn ìbọn kéékèèké tí ECOWAS ṣe ní ọdún 2006, àwọn orílẹ̀-èdè ṣèlérí pé àwọn yóò máa ṣàkóso àwọn tó ń rọ ìbọn lábẹ́lé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun fún DICON, ilé-iṣẹ́ ohun ìjà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1964, èyí tó fàyè sílẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ aládàáni bá a da iṣẹ́ pọ̀. Àwọn olówó ńlá ni irú àyè bẹ́ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ṣe láǹfààní. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn tó ń lo àwọn ọdẹ fún ààbò lè bi Àbújá léèrè ibi tí àwọn ọdẹ wọ̀nyí yóò máa gbé ìbọn wọn lọ bó bá bàjẹ́, àti bóyá wọ́n lè yan àwọn oníṣẹ́ irin díẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ náà ní gbangba lábẹ́ ojú ọlọ́pàá.