Ọmọ Tí Awọ Rẹ̀ Ń Léròrò Kì í Ṣe Ọmọ Ègún

Àìsàn kan wà tí wọ́n máa ń bí mọ́ ọmọ: bí aṣọ bá sáà ti ha á lára, awọ á léròrò, á sì bó, bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Epidermolysis bullosa ni àwọn dókítà ń pè é. Kò wọ́pọ̀, kì í sì í ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá ti yọjú, ìbáà ṣe Likosi níbí tàbí Ṣàgámù, ọ̀rọ̀ lè tètè di ti àjẹ́, tàbí kí wọ́n ní ìyá ọmọ rìn lọ́sàn-án gangan nígbà oyún, tàbí pé ó ṣe àgbèrè. Tiwa ni pé irọ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni ẹni tó ń sọ ọ́ ń kó jọ.

Àbùdá ló fà á. Ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ AS àti SS. Bẹ́ẹ̀ ni irú èyí tó le jù nínú àìsàn yìí ṣe ń wáyé: bàbá gbé e sára, kò mọ̀; ìyá gbé e sára, kò mọ̀; ọmọ wá gba ti àwọn méjèèjì. Irú mìíràn wà tí òbí kan ṣoṣo lè fi lé ọmọ lọ́wọ́, ìbáà ṣe bàbá. Kí ló dé tí ìyá nìkan ń jẹ́jọ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń jiyàn, kí ó wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ní 2015, ní Bochum ní Jámánì, ọmọ ọdún 7 kan tí òbí rẹ̀ sá kúrò ní Síríà ti pàdánù ọ̀pọ̀ awọ ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Ítálì tún àbùdá ṣe nínú awọ díẹ̀ tí wọ́n gé lára rẹ̀, wọ́n mú awọ náà gbilẹ̀, wọ́n sì fi bo nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ara rẹ̀. Ọmọ náà padà sí ilé-ìwé.

Nínú irú àìsàn yìí mìíràn, pùròtéènì tí wọ́n ń pè ní collagen 7 ló ṣaláìní, òun sì ni okùn tó so awọ òkè mọ́ awọ ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún, 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Vyjuvek, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kán sójú egbò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó ń gbé àbùdá tó pé wọ inú awọ, kí awọ fúnra rẹ̀ lè hun okùn náà. Nínú ìwádìí lórí ènìyàn 31, lẹ́yìn oṣù 6, egbò 67 nínú 100 tí wọ́n fi sí ló jinná pátápátá. Nínú èyí tí wọ́n fi jẹ́ẹ̀lì lásán sí, 22 ni. Bí ó bá jẹ́ ègún ni, àbùdá tí wọ́n tún ṣe kì bá tí ràn án.

Owó rẹ̀ kọjá agbára wa: ìgò kékeré kan ju dọ́là 24,000 lọ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n a ò ní tìtorí ìyẹn káwọ́ gbera. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ọmọ yìí kò gba kànhìnkànhìn, kò gba kí a na apá na ẹsẹ̀, kò gba kí a jù ú sókè. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé ìdí, kí ẹ fi èkejì gbé ọrùn. Ẹ wọ aṣọ òwú tó fẹ̀ fún un. Ẹ má lẹ pílásítà mọ́ ọn, ẹ má sì fi àgbo fọ egbò. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmọdé ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣàgámù, kí wọ́n kọ́ yín bí a ti ń tú omi ara rẹ̀ àti bí a ti ń di egbò.

Bí ó bá tó ẹni tí ń kírun, ẹ bi Alfa yín léèrè nípa fífi ọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì àti nípa tayamọ́mù. Ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun ṣe fún aláìsàn ni.

Báńdéèjì tí kì í lẹ̀ mọ́ egbò wọ́n. Kí Asálátù àti àwọn tí ń pín sàkátì wa kà á mọ́ ohun tí a ń rà fún aláìní, bí a ti ń ra ìrẹsì nígbà ààwẹ̀. Oògùn òkèèrè lè pẹ́ kí ó tó dé Rẹ́mọ. Ọ̀rọ̀ rere sí ìyá ọmọ náà kò gbọdọ̀ pẹ́.