Ta Ni Yóò Kọ Ìtàn Àwọn Tó Ti Àjò Bọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan ẹni tó ń lọ, ẹni tó ń bọ̀, àti ẹni tó ń kọ ìtàn àwọn méjèèjì sílẹ̀. Lóde òní, àwọn ìwé àtìgbàdégbà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa tẹ àpilẹ̀kọ jáde lórí ìṣíkiri láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ọ̀kan nínú wọn ni Revue européenne des migrations internationales, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Poitiers, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1985. Ẹni tó bá ní ohun tó dájú láti sọ, tó sì mọ bí a ti ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ, lè fi àpilẹ̀kọ ránṣẹ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè wa ni pé: kí ni Kétu, Sábẹ àti Àjàṣẹ́ ní láti fi ránṣẹ́, ta ni yóò sì kọ ọ́?

Àwa tí a ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ girama mọ̀ pé, bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ àròkọ lórí ìṣíkiri, ọkọ̀ ojú omi tó ń rì sínú òkun Mẹditaréníà ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ìbànújẹ́ ńlá ni ikú wọ̀nyẹn, a kò sì gbọdọ̀ fojú kéré wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó kúrò ní orílẹ̀-èdè wọn, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ni wọ́n lọ; wọn kò sọdá òkun kankan. Níbẹ̀ gan-an ni ìtàn tiwa wà.

Ẹ jẹ́ kí a kà á. Ní oṣù kẹwàá 1958, wọ́n kọlu àwọn ará Dahomey àti Tógò ní Abidjan, àwọn tó ń ṣe akọ̀wé, tó ń ṣòwò ní Côte d'Ivoire, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn padà sílé. Ní òpin 1963, Niger náà lé àwọn ará Dahomey jáde. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ló di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ní 1978, ó kan àwọn ọmọ Benin tó wà ní Gabon. Ní oṣù kìíní 1983, Nàìjíríà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde. Ààlà Gánà ṣì wà ní títì, ọ̀pọ̀ ọmọ Gánà sì há sórí ilẹ̀ wa, wọn kò lè lọ síwájú, wọn kò lè padà sẹ́yìn. Ìléjáde márùn-ún nìyẹn láàárín nǹkan bí ọdún 25.

Àwọn baba wa sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn tí a ń sọ yìí kò fúnra wọn yan ọjọ́ tí wọ́n relé. Àṣẹ ìjọba wà nínú ilé ìpamọ́ ìwé, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ kà á. Ohun tí kò sí nínú ìwé ìjọba ni ohun tí ènìyàn lè gbé nígbà tí wọ́n fún un ní wákàtí díẹ̀, ohun tó fi sílẹ̀, ẹni tó bá a pa ilé rẹ̀ mọ́ àti ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ bí a ti pín yàrá nígbà tí ẹbí méjì dé lójijì sínú ilé kan. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1958 ti kọjá ọgọ́rin ọdún báyìí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú láìsí ẹni tó jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti kálámù, kò sí ilé ìpamọ́ tí a ó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí òun ń sọ. Àdéhùn tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1889 fi Kétu sí apá kan ààlà, ó fi Ìmẹ̀kọ sí apá kejì. Ará Kétu tó lọ sìnkú ìbátan rẹ̀ ní Ìmẹ̀kọ, ṣé aṣíkiri ni? Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 1998 sọ pé aṣíkiri ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ẹni tó kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn fún oṣù 12 ó kéré tán. Asìnkú kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọjá sí òdìkejì, tó dáko níbẹ̀ fún ọdún méjì, ti di aṣíkiri nínú ìwé, bí òun tilẹ̀ gbà pé ọ̀dọ̀ ẹbí lòun wà. Àlàfo tó wà láàárín ìwé àti ohun tí ènìyàn gbà nípa ara rẹ̀ yìí, àpilẹ̀kọ gidi ni fún ẹni tó bá lè tú u.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ èdè. Faransé lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, *migrant*, pe gbogbo wọn. Àwa ní àlejò, tí a mọ̀ pé yóò padà. A ní àtìpó, tó fìdí kalẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀. A ní ìsáǹsá, tó sá fún ohun kan. Akọ̀wé tí wọ́n lé kúrò ní Abidjan kì í ṣe ìsáǹsá nígbà tó ń lọ. Ìgbà tó ń bọ̀ ló sá. Nítorí náà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ ní Yorùbá bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, kí ẹ tó túmọ̀ rẹ̀. Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Sípéènì ni ìwé Poitiers náà ń gbà. Ẹ fi èyí tí ẹ túmọ̀ ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì tọ́jú ti Yorùbá fún àwọn ọmọ wa.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Àdéhùn CEDEAO ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú àjọ náà láyè láti wọlé fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti lo ọdún mẹ́wàá lórí ọjọ́ 90 yẹn láìní ìwé ìgbélùú. Bí ẹ bá kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ọlọ́pàá náà mọ̀wé kà. Ohun tó bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, a kò lè kó o padà sínú àpótí. Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ: «Bàbá, ṣé ẹ gbà kí a dárúkọ yín?» Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ sì yọ gbogbo ohun tó lè júwe wọn. Àpilẹ̀kọ tó dára tó sì kó ẹlẹ́rìí sí wàhálà kò tọ́ sí títẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ má ṣe bẹ̀rù olóòtú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń fún àwọn onímọ̀ ní àpilẹ̀kọ láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọn yóò béèrè pé: ta ló sọ èyí, ọjọ́ wo, ibo? Bí wọ́n bá dá a padà fún àtúnṣe, wọn kò tíì kọ̀ ọ́. Ẹ dáhùn ìbéèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tún un fi ránṣẹ́.

Ìsinmi ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bọ̀ lọ́nà. A rọ gbogbo olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ti tó kọ̀wé, kí oníkálukú wá àgbàlagbà kan nínú ilé rẹ̀ tó ti àjò bọ̀, kí ó jókòó tì í, kí ó sì kọ ọjọ́, ibi àti ọ̀rọ̀ tó gbọ́ sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó dàgbà jù.